Ṣé Èébú Ni Ọgbà?

Ní ọdún tí mo mọ ọgbà yí ilé mi ká, àbúrò bàbá mi, tí ilé wọn fara ti tèmi, bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Èwo nínú wa ni olè?" N kò rí èsì fọ̀. Lójú àwọn àgbà ilé wa, ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ aládùúgbò rẹ̀ ti bú u. Wọ́n bá ayé tí a ti ń pàtẹ ọjà sí ẹ̀bá ọ̀nà láìsí ẹni tí ń ṣọ́ ọ. Òkúta wẹ́wẹ́ tí a tò síwájú rẹ̀ ni yóò sọ iye owó, ẹni tó bá rà á yóò fi owó sílẹ̀, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Ta ni yóò wá dúró síwájú irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ láti gbèjà ọgbà?

Ibi tí n kò fọkàn sí ni mo ti rí ohun tó jọ èsì: inú kọ̀ǹpútà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ètò púpọ̀ ni ó máa ń ṣiṣẹ́ pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Ọ̀kan ń tẹ lẹ́tà, ọ̀kan ń kọrin, gbogbo wọn sì ń pín ibi ìrántí ẹ̀rọ náà lò. Ètò àgbà kan ni olórí wọn. Òun ni ó gé ibi ìrántí náà sí ojú-ìwé, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sábà máa ń gba báìtì 4,096. Kò sí ètò tó mọ ibi tí ojú-ìwé rẹ̀ wà ní ti gidi. Àdírẹ́sì àfojúrò ni olórí fún un, ó sì fi í sílẹ̀ kí ó máa rò pé òun nìkan ni ó ni gbogbo ilẹ̀. (Ẹ̀tàn ni, n kò jiyàn, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tí ó pa lára.) Àkọsílẹ̀ kan ni ó so àdírẹ́sì yìí mọ́ ti gidi, ibẹ̀ náà ni a sì kọ ẹ̀tọ́ sí: ṣé ètò yìí lè ka ojú-ìwé náà, ṣé ó lè kọ nǹkan sí i, ṣé ó lè mú ohun tó wà níbẹ̀ ṣe bí àṣẹ? Nínú Linux, fáìlì kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ maps, níbi tí a ti lè fi ojú wa rí ẹ̀tọ́ wọ̀nyí: r fún kíkà, w fún kíkọ, x fún mímú ṣe, lẹ́yìn wọn ni p, bí ibẹ̀ bá jẹ́ ti àdáni, tàbí s, bí a bá ń pín in lò. Ètò tó bá kọjá ẹ̀tọ́ rẹ̀, ẹ̀rọ yóò dá a dúró lójú ẹsẹ̀, olórí yóò sì sábà pa á.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé olórí yìí kò bi ẹnikẹ́ni bóyá olè ni. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń kọjá ààlà kò ní èrò ibi rárá. Àṣìṣe ẹni tó kọ wọ́n ni. Mo ti lo ẹ̀rọ àtijọ́ kan tí kò ní irú ọgbà yìí rí. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ètò kékeré kan ṣèèṣì kọ nǹkan sí ibi tí kì í ṣe tirẹ̀, ẹ̀rọ dákú, ojú-ìwé mọ́kànlá tí mo ti tẹ sì bá a lọ. Ta ni kí n pè lólè?

Ní ọdún 2003, àwọn tí ń ṣe OpenBSD tilẹ̀ mú un le sí i: ojú-ìwé tí a bá lè kọ nǹkan sí, a kò gbọdọ̀ lè mú un ṣe bí àṣẹ. Àlejò burúkú a máa fi ọ̀rọ̀ tó gùn ju àyè rẹ̀ lọ ránṣẹ́ sí ètò, a sì fi àṣẹ tirẹ̀ pamọ́ sínú rẹ̀. Ẹni tó bá rántí bí Ọ̀yọ́ Mèsì ṣe ń dá Aláàfin lọ́wọ́ kọ́ kò ní pe èyí ní ọgbọ́n àjèjì.

N kò sọ pé ọgbà ń gbani tán. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2018 ni ayé gbọ́ nípa àlébù tí wọ́n sọ ní Meltdown. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń sáré ka ojú-ìwé olórí kí wọ́n tó yẹ ẹ̀tọ́ wò tán. Wọ́n ń da ohun tí wọ́n kà nù, ṣùgbọ́n ipa rẹ̀ ń kù sílẹ̀, ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ sì lè tọ ipa náà dé ìdí àṣírí.

Síbẹ̀, èrò mi nìyí: èébú ni kí a yan ẹnì kan ṣoṣo kí a ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Bí ó bá jẹ́ gbogbo ayé ni a tì í mọ́, n kò rí ẹni tí a bú. Òkúta wẹ́wẹ́ ẹ̀bá ọ̀nà ń jẹ́ iṣẹ́ tirẹ̀ nítorí pé a mọ ilé baba ẹni tí ń kọjá. Ètò inú kọ̀ǹpútà kò mọ baba ara wọn. Bàbá yóò ní, "Èmi ńkọ́? Ṣé o kò mọ ilé baba tèmi ni?" Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú mi.

Lẹ́tà s yẹn ni mo wá ń rò. Olórí kò kọ̀ kí ètò méjì jọ lo ojú-ìwé kan, bí wọ́n bá ti fohùn ṣọ̀kan. Àní ètò kan àti ọmọ tí ó bí a máa lo ojú-ìwé kan náà, títí ọ̀kan nínú wọn yóò fi fẹ́ kọ nǹkan sí i. Ìgbà náà ni olórí yóò tó da ojú-ìwé náà kọ fún un.

Mo ti ní kí bíríkìlà la ilẹ̀kùn kékeré sí ara ọgbà, níhà ọ̀dọ̀ Bàbá. Kò ní kọ́kọ́rọ́. Títí di òní, wọn kò tíì gba ibẹ̀ wọlé. Ẹnu ọ̀nà iwájú ni wọ́n ń gbà, wọn a sì kan ilẹ̀kùn.