Yíyan Ibùgbé

Ọ̀pọ̀ nínú wa ń fi Èkó sílẹ̀ lọ ra ilẹ̀ ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́. A ń béèrè owó, ọ̀nà àti omi. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Lọ́tì wo omi Jọ́dánì, kò wo ìwà àwọn ará Sódómù (Gẹn. 13); ilé rẹ̀ ni ó jìyà rẹ̀.

Ẹni tí ó yan àdúgbò, ó yàn án fún àrọ́mọdọ́mọ. Kòsọ́kọ́ sá kúrò ní Èkó ní 1851, ó lọ tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́, ó sì padà sí Èkó ní 1862. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn rẹ̀ kò padà, àwọn ọmọ wọn sì ni Èkó-Ẹ̀pẹ́ títí di òní.

Nítorí náà, kí a tó san owó ilẹ̀, ẹ jẹ́ kí a béèrè pé, Àwọn wo ni àwọn ọmọ wa yóò bá dàgbà? Bí pẹpẹ kò bá sì sí níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a tẹ́ ẹ, bí Ábúrámù ti ṣe ní Hébúrónì. Àmín.