Ẹ Má Fi Léà Pamọ́

Ẹ ka: Jẹ́nẹ́sísì 29:15-35



Púpọ̀ nínú wa ló ń kọ ìtàn ìfẹ́ lórí fóònù báyìí. Nínú ìtàn wa, arákùnrin gbàdúrà lálẹ́. Ilẹ̀ mọ́, ó rí arábìnrin láàárín àwọn akọrin. Ọkàn wọn fà mọ́ra. Ìgbéyàwó dé, ìtàn parí. Kò sí ìjà, kò sí owó tí kò tó. Èmi náà ti kọ irú rẹ̀ rí.

Bíbélì kò kọ ìfẹ́ bẹ́ẹ̀. Jákọ́bù sin Lábánì fún ọdún 7 nítorí Rákẹ́lì, ó sì dàbí ọjọ́ díẹ̀ lójú rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwa ì bá ti parí ìtàn. Ṣùgbọ́n Ẹ̀mí Mímọ́ kò dúró níbẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, Léà ni ó wà níbẹ̀! A sì gbọ́ ohùn Léà bó ti ń sọ ọmọ lórúkọ, tó ń retí pé ọkọ òun yóò wá fẹ́ràn òun. Nítorí pé Ọlọ́run rí Léà, ìtàn náà kò fi í pamọ́.

Elechi Amadi, ọmọ ilẹ̀ Ikwerre tí a ń gbé yìí, kọ The Concubine ní 1966. Nínú rẹ̀, Ekwueme fẹ́ràn Ihuoma, opó tí gbogbo abúlé ń bọ̀wọ̀ fún. Ihuoma kọ̀ fún un, torí láti kékeré ni wọ́n ti fẹ́ Ahurole sọ́nà fún un. A kò ní bá ìwé náà gba òrìṣà gbọ́, ṣùgbọ́n a gba ìfẹ́ náà gbọ́: ó ní òbí nínú, ó ní ìtìjú, ó sì ní ohun tó ń náni.

Ẹnì kan lè ní, “Ṣé ìtàn àròsọ kì í ṣe irọ́ ni?” Àgùntàn tí Nátánì sọ fún Dáfídì kò sí níbì kankan, síbẹ̀ òótọ́ inú rẹ̀ gún ọba lọ́kàn. Irọ́ ni pé ká mọ bí ènìyàn ti rí, ká sì kọ ọ́ bíi pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ rò ó wò. Arábìnrin kan ka ìtàn wa nígbà tó wà ní yunifásítì. Lẹ́yìn náà ó wọ ilé ọkọ. Lọ́jọ́ tí òun àti ọkọ rẹ̀ kọ́kọ́ jà lórí owó ilé, ohun tí ìtàn wa ti kọ́ ọ ni pé Ọlọ́run kò sí nínú ìgbéyàwó náà. Ẹ̀rí èké nìyẹn, àwa la sì jẹ́ ẹ.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì inú ìtàn yín ṣi ara wọn gbọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan tọrọ àforíjì, kó sì nira fún un. Èyí kò ní ká fi ẹ̀ṣẹ̀ ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Bíbélì sọ ti Dáfídì àti Bátíṣébà, kò fi oyin sí i. Oore-ọ̀fẹ́ kò lè hàn níbi tí kò ti sí ẹni tó ṣẹ̀.

Kí Olúwa fún wa ní ọwọ́ tó ń kọ òótọ́, àti ojú tó ń rí Léà. Ní orúkọ Jésù. Àmín.