Máàkì, Ìwà àti Ìgbàgbọ́ ní Yunifásítì Onígbàgbọ́

Ohun méjì ni yunifásítì ní Nàìjíríà ń jẹ́rìí sí nígbà tó bá ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní oyè: ìwà àti ẹ̀kọ́. Ti ẹ̀kọ́ rọrùn díẹ̀, nítorí ìwọ̀n rẹ̀ wà nílẹ̀. Lábẹ́ ìlànà àjọ NUC tó ń mójú tó àwọn yunifásítì, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá wá sí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún kíláàsì kò gbọ́dọ̀ jókòó ṣe ìdánwò. Iṣẹ́ àárín sáà ń gba máàkì 30 sí 40, ìdánwò ìparí a sì gba ìyókù. Ẹni tí CGPA rẹ̀ bá tó 4.50 nínú 5 ló ń gba oyè ìpele kìíní. Ti ìwà kò rí bẹ́ẹ̀. Ká sọ òótọ́, ohun tí wọ́n ń pè ní ẹ̀rí ìwà ní ọ̀pọ̀ ibi kò ju pé ẹnikẹ́ni kò tíì gbé akẹ́kọ̀ọ́ náà dé iwájú ìgbìmọ̀ ìbáwí.

Yunifásítì onígbàgbọ́ wá fi ẹ̀kẹta kún un: ìgbàgbọ́. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kọ́kọ́ fún àwọn yunifásítì aládàáni níwèé àṣẹ ní 1999, Babcock ti ìjọ Adventist ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ wà nínú mẹ́ta àkọ́kọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Bowen ti àwọn Onítẹ̀bọmi dé ní Ìwó, Covenant ti ìjọ Winners ní Ọ̀tà, àti Ajayi Crowther ti Áńgílíkà ní Ọ̀yọ́. Ìlérí wọn ni pé àwọn yóò kọ́ ọpọlọ, àwọn yóò sì tún ọkàn ṣe. Òbí tó ń ta ilẹ̀ san owó ilé-ẹ̀kọ́, ìlérí kejì yìí ló ń rà. Ọ̀nà wo wá ni ilé-ẹ̀kọ́ fi lè mọ̀ pé òun ti mú un ṣẹ?

Nǹkan mẹ́ta ló so pọ̀ nínú ìbéèrè yìí, òṣùwọ̀n wọn kò sì lè jẹ́ ọ̀kan. Èkíní ni ìmọ̀ nípa ìgbàgbọ́: ìtàn Bíbélì, ẹ̀kọ́ ìjọ, iṣẹ́ àwọn míṣọ́nnárì. Èyí kò yàtọ̀ sí kẹ́mísírì lójú olùdánwò. Ọmọ Mùsùlùmí lè gba A níbẹ̀, ọmọ pásítọ̀ sì lè fìdí rẹmi.

Èkejì ni bí ìgbàgbọ́ ṣe ń darí òye lẹ́nu iṣẹ́, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ gidi wà. Ká mú akẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò owó tó wà ní ọdún kẹrin. Wọ́n gbé ìwé owó ilé-iṣẹ́ kan fún un: ọ̀gá fẹ́ kó ka ọjà tí wọn kò tíì tà mọ́ owó tó wọlé lọ́dún yìí, kí báńkì lè yá wọn lówó, bí báńkì bá kọ̀, ogún òṣìṣẹ́ lè pàdánù iṣẹ́. Kí ni yóò ṣe, kí sì nìdí? Olùkọ́ lè fún un ní máàkì lórí bóyá ó rí irọ́ tó wà nínú ìwé náà, bóyá ó mọ òfin tó dè é, bóyá ó lo ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ lọ́nà tó bá ọ̀rọ̀ mu dípò kó kàn to ẹsẹ Bíbélì jọ, àti bóyá ó ro ti àwọn òṣìṣẹ́ náà mọ́ ọn. Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó gbàgbọ́. Ìrònú rẹ̀ ni wọ́n wọ̀n, ìrònú sì ṣeé wọ̀n. Irú ìbéèrè yìí kò wọ́pọ̀ tó bó ṣe yẹ. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ka nóòtì olùkọ́ padà fún olùkọ́ ló rọ gbogbo ènìyàn lọ́rùn.

Ẹ̀kẹta ni ọkàn fúnra rẹ̀. Ní 1964, àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ mẹ́ta ní Amẹ́ríkà, David Krathwohl, Benjamin Bloom àti Bertram Masia, to ọ̀rọ̀ ìfẹ́-ọkàn sí ìpele márùn-ún, láti orí kí ènìyàn ṣáà fetí sílẹ̀ títí dé ibi tí ohun tó gbà ti di ìwà rẹ̀. Àtòjọ náà wúlò fún ẹni tó ń ṣètò ẹ̀kọ́. Kí a wá nàka sí akẹ́kọ̀ọ́ kan pé ó ti dé ìpele kẹta, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Ẹ̀kọ́ ìjọ fúnra rẹ̀ kò gbà á. Wòlíì ni Sámúẹ́lì, síbẹ̀ nígbà tó dé ilé Jésè, Élíábù tó ga tó sì dùn ún wò ló kọ́kọ́ rò pé Ọlọ́run yàn. Ní Àríwá Áfíríkà, nígbà tí àwọn Donatist ní ìjọ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti àwọn ẹni mímọ́ nìkan, Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo, dá wọn lóhùn pé àlìkámà àti èpò yóò jọ dàgbà títí di ìkórè. Calvin, alátùn-únṣe ìjọ, ní tirẹ̀, ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, fi ohun mẹ́ta tí ojú lè rí ṣe àmì ọmọ ìjọ: ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́, ìgbé ayé, àti pípín nínú sákrámẹ́ńtì. Ìyókù di ti Ọlọ́run. Ohun tí ìjọ gan-an kò lè rí, yunifásítì tí ìjọ dá sílẹ̀ kò lè fi kọ̀ǹpútà rí i.

Síbẹ̀ wọ́n ń gbìyànjú, ìwé orúkọ ìjọsìn ló sì yá lọ́wọ́ jù. Lẹ́nu ọ̀nà ṣápẹ́ẹ̀lì, akẹ́kọ̀ọ́ á na káàdì rẹ̀, wọ́n á sàmì sí i, á wọlé lọ jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá. Bíbélì á ṣí lórí itan rẹ̀, bébà tó kọ nóòtì tẹ́ẹ̀sì ọ̀sán sí á wà láàárín ojú ewé. Ìwé orúkọ kò ní àyè fún ìyẹn. Ilé-ẹ̀kọ́ lè ṣòfin pé kí gbogbo ènìyàn wá sí ìsìn, bó ṣe lè ṣòfin aṣọ wíwọ̀, kó sì bá arúfin wí. Àṣìṣe bẹ̀rẹ̀ nígbà tí iye ìgbà tó wá bá di ẹ̀rí pé ó ń dàgbà nínú ẹ̀mí. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í pẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń kà sí, ohun náà ni yóò sì máa ṣe. Bí wọ́n bá fi máàkì sí ìgbàgbọ́, àgàbàgebè ni yóò kọ́, yóò sì mọ̀ ọ́n dunjú.

Ẹni tó yẹ kó jókòó ṣe ìdánwò ẹ̀kẹta yìí ni ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀. Ní 2004, Alexander Astin, Helen Astin àti Jennifer Lindholm ti yunifásítì UCLA ní Amẹ́ríkà bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun tó lé ní 112,000, ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga 236, léèrè nípa ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Ní 2007 wọ́n padà lọ bi lára wọn. Lílọ sí ilé ìsìn ti dín kù gan-an láàárín ọdún mẹ́ta náà, ṣùgbọ́n ìwákiri ìtumọ̀ ayé àti àníyàn fún ẹlòmíràn ti pọ̀ sí i. Ẹni tó bá ń ka orí ní ṣápẹ́ẹ̀lì nìkan, ìdajì ìtàn náà ni ì bá rí.

Orúkọ kò gbọ́dọ̀ sí lórí ìdáhùn irú ìwádìí bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá mọ̀ pé ìwé òun lè dé ọ́fíìsì alákòóso, ohun tí ọ́fíìsì fẹ́ gbọ́ ni yóò kọ. Èyí tí kò lórúkọ náà ní àléébù tirẹ̀, nítorí ènìyàn a máa tan ara rẹ̀ jẹ. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́: ìwé ìwádìí àṣekágbá, àti ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀gá tí wọ́n ṣe ìkọ́ṣẹ́ (IT) lábẹ́ wọn.

Ní ti èkejì, ìyẹn bí ìgbàgbọ́ ṣe ń darí òye lẹ́nu iṣẹ́, àyè wà fún un nínú CCMAS, ìlànà ẹ̀kọ́ tí NUC gbé jáde ní 2022: ìdá 70 nínú ẹ̀kọ́ jẹ́ ti gbogbo orílẹ̀-èdè, ìdá 30 sì wà lọ́wọ́ yunifásítì kọ̀ọ̀kan. Ilé-ẹ̀kọ́ onígbàgbọ́ lè fi kọ́ọ̀sì tó so ìgbàgbọ́ mọ́ iṣẹ́ sínú ìdá 30 náà, kó sì fún un ní máàkì bíi ti ìbéèrè ìṣirò owó yẹn. Ìsìn òwúrọ̀ àti àdúrà họ́sítẹ́ẹ̀lì kò nílò kírẹ́dìtì kankan.