Kò Sí Ẹni Tí Ó Ń Dá Jẹun

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ènìyàn àti ẹranko ni a máa ń ronú kàn nígbà tí a bá pa òwe yìí. Koríko kì í wá sí wa lọ́kàn. Èmi náà kò rò ó bẹ́ẹ̀ rí, àfi ọjọ́ tí mo dúró létí ọ̀gọ̀dọ̀ kan lẹ́yìn ìlú Ararọ̀mí, ní etíkun Ìlàjẹ, níbi tí omi òjò ti dúró sí àárín yanrìn àti ẹrẹ̀ dúdú. Àwọn òdòdó kéékèèké tí ó pọ́n bí ìyeyè yọ orí sókè lójú omi náà. Mo fa ọ̀kan jáde. Kò ní gbòǹgbò. Okùn tín-ín-rín bí òwú ni ó tẹ̀ lé e, àwọn àpò róbótó tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ sì so mọ́ okùn náà bí ẹyin ẹja.

Utricularia ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pe irú ewéko yìí. Àpò wọ̀nyí ni ìgèrè rẹ̀. Kò sí ọmọ Ìlàjẹ tí kò mọ ìgèrè: ẹnu rẹ̀ gba ẹja wọlé, kò gbà á jáde. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ilẹ̀kùn àpò náà ṣe rí, inú ni ó ń ṣí sí. Ewéko náà yóò kọ́kọ́ fa omi inú àpò jáde títí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò fi tẹ̀ wọnú. Bí kòkòrò omi kan bá ti fara kan irun tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà, ilẹ̀kùn yóò ṣí, omi yóò ya wọlé pẹ̀lú kòkòrò náà, ilẹ̀kùn yóò sì padé. Yíyà tí omi ya wọlé yẹn kò gbà ju bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Afẹ́fẹ́ tí ẹ̀dá fi ń mí fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nínú àpò náà, nítorí náà ikú àlejò kì í pẹ́.

Ǹjẹ́ ó yẹ kí a pe irú ẹ̀dá báyìí ní ìkà? Kí a tó dá a lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí ó ń gbé. Omi ọ̀gọ̀dọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tí ó tó láti fi bọ́ ewéko. Ewéko kan tún wà nínú igbó Sàró, Làìbéríà àti Ivory Coast, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Triphyophyllum peltatum. Ní 1979 ni àwọn onímọ̀ kéde pé ó máa ń yọ ewé alálẹ̀mọ́ tí ó fi ń mú kòkòrò jẹ. Ní 2023, ìwádìí mìíràn jáde tí ó fi hàn pé àìtó fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ni ó ń sún un dé ibẹ̀. Bí ilẹ̀ bá fún un ní èyí tí ó tó, kì í yọ ewé apẹran. Àìní ni ó sọ ọ́ di apẹran.

Mo rò pé ẹjọ́ ti parí síbẹ̀: ebi ni ó fà á. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń wádìí sí i ni mo rí i pé ìbéèrè mi gan-an kò pé. Mo ti béèrè ẹni tí ó pa ẹran, n kò tíì béèrè ẹni tí ó jẹ ẹ́.

Kì í ṣe òní ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń gba àwọn ọlọ́gbọ́n lọ́kàn. Ní 1875, Charles Darwin, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ odidi ìwé kan jáde lórí àwọn ewéko tí ó ń jẹ kòkòrò. Nígbà tí ó kan Utricularia, ó ki ègé ẹran àti funfun ẹyin bọ inú àwọn àpò náà, ó sì dúró fún ọjọ́ mélòó kan. Kò rí àmì pé wọ́n dà. Ó wá gbà pé ewéko náà kò lè da oúnjẹ fúnra rẹ̀, pé omi ara ohun tí ó ti jẹrà ni ó ń fà mu. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ta ni ó ń mú òkú náà jẹrà?

Àwọn tí ó tẹ̀ lé Darwin ti tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe: a ti mọ̀ báyìí pé ewéko náà ní oje tirẹ̀ tí ó fi ń da oúnjẹ. Síbẹ̀, kò dá iṣẹ́ náà ṣe. Inú àpò kọ̀ọ̀kan kún fún kòkòrò àìfojúrí: bakitéríà, àti àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ mìíràn tí ń jẹ bakitéríà. Àpò tí ó jẹ́ ibojì fún kòkòrò omi jẹ́ ilé fún àwọn wọ̀nyí. Wọ́n ń bí sí i níbẹ̀, wọ́n sì ń bá ewéko náà tú òkú palẹ̀ di ohun tí ó lè fà mu.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù ni pé ewéko náà ń bọ́ wọn. Nínú ṣúgà tí ó fi ìtànṣán oòrùn pèsè, ó ń tú apá kan sínú àpò. Nínú àwọn irú kan tí a ti yẹ̀ wò, ó tó bí ìdá kan nínú márùn-ún ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pèsè. Nígbà tí ẹran kò bá wọ ìgèrè rárá, àpò kì í ṣófo. Àwọn ará ilé ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ń jẹ ohun tí onílé fi síwájú wọn.

Ẹnìkan lè sọ fún mi pé olè tí ó pín ẹrù fún ẹgbẹ́ rẹ̀, olè náà ni. Òótọ́ ni. Kòkòrò omi tí ó kú kò jèrè kankan nínú àjọpín yìí, n kò sì ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ikú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹlòmíràn lè ní kí n má fi koríko kọ́ ènìyàn ní ìwà. Òun náà jàre. Koríko kò mọ̀ pé òun ń pa, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ̀ pé òun ń bọ́ ẹnikẹ́ni. A kò lè bú u, a kò sì lè yìn ín. Ṣùgbọ́n àwa mọ̀, ìmọ̀ sì máa ń di gbèsè sí ẹni tí ó ní in lọ́rùn.

Lọ́jọ́ yẹn kan náà, mo kí ìyá kan tí ó ń yan ẹja, tí èéfín ti sọ ojú rẹ̀ di pupa. Mo ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá. Àwọn apẹja yín mà kú ìnáwó ara o.” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ọmọ mi, wọ́n kú iṣẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹja tí wọ́n kó dé tí a kò tètè yan, ta ni wọ́n pa á fún?”

N kò rí èsì fọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń jẹ ẹja etíkun yìí tí wọ́n ń tà ní ọjà Ìgbókọ̀dá. Mo ti yin ẹni tí ó dojú kọ ìgbì òkun, mo sì ti yin ẹni tí ó mọ àwọ̀n jù. N kò béèrè rí nípa ẹni tí ó jókòó ti iná kí ẹja náà má bàa jẹrà, tàbí iye tí ó kàn án nínú owó rẹ̀. Lójú mi, ẹni tí ó pa ẹran ni ó ni oúnjẹ.

Àwọn tí ó sọ ìlú yìí ní Ararọ̀mí fi orúkọ náà dúpẹ́ pé ara rọ àwọn. Orúkọ rere ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ara bá rọ̀ gbọ́dọ̀ lè dárúkọ àwọn tí ó mú kí ara rọ òun, kí ó sì yọ ìpín wọn sílẹ̀ kí òun tó bu òkèlè. Ohun tí koríko kan ń ṣe láìmọ̀, ìtìjú ni bí àwa tí a mọ̀ kò bá ṣe é.