Omi, Koríko àti Iná: Ohun Tí Kì í Ṣe ti Olówó Nìkan

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tó ni sánmọ̀ àti ilẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, a ń gba ara wa àti ẹ̀yin náà nímọ̀ràn pé kí a páyà Ọlọ́hun nínú ọ̀nà tí a ń gbà wá owó.

Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń jiyàn: ṣé kí a fi ọrọ̀ sílẹ̀ fún olówó kí ó máa lò ó bó ṣe wù ú ni, tàbí kí ìjọba gba gbogbo rẹ̀ kí ó máa pín in? Nígbà tí ọjà wọ́n ní Mẹ́dínà, tí àwọn ènìyàn bẹ Ànábì pé kí ó dá iye lé e, ó kọ̀, kí ó má baà gbé ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni sọ́rùn lọ bá Ọlọ́hun. Èrè ọjà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n Ànábì kan náà ló kọ́ wa pé àjùmọ̀ní ni omi, koríko àti iná. Ó kọ́kọ́ fún Abyad ọmọ Hammal ní ibi ìwa-iyọ̀ tó wà ní Ma'rib nílẹ̀ Yẹ́mẹ̀n. Nígbà tí ẹnì kan ṣàlàyé pé iyọ̀ náà dà bí omi tí kì í gbẹ, ó gbà á padà.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ohun tí Sàyídínà Umar ṣe. Ó ní pápá ìjẹko kan tí a yà sọ́tọ̀, ó sì fi Hunayy ṣe olùtọ́jú rẹ̀. Ó pàṣẹ fún un pé kí ó jẹ́ kí ẹni tó ní ràkúnmí tàbí àgùntàn díẹ̀ wọlé, ṣùgbọ́n kí ó ṣọ́ra fún agbo ẹran Usman ọmọ Affan àti ti Abdurrahman ọmọ Awf. Àwọn méjèèjì kì í ṣe ènìyàn búburú o. Wọ́n wà lára àwọn tí a ṣèlérí àlùjánnà fún. Ìdí rẹ̀ ni pé bí ẹran wọn bá kú, wọ́n ní oko àti igi dàbínù tí wọn yóò padà sí. Tálákà tí tirẹ̀ bá kú, ọ̀dọ̀ Umar ni yóò kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá, koríko sì rọrùn láti fún un ju wúrà àti fàdákà lọ.

Ọ̀dọ̀ tiwa ńkọ́? A rí bí omi Odò Ọ̀ṣun ṣe di pípọ́n nítorí ìwakùsà góòlù. Awakùsà ti kó èrè rẹ̀ lọ. Ẹni tó ń pọnmi ní ìsàlẹ̀ odò ni ẹrẹ̀ ṣẹ́ kù sí lọ́wọ́. Ẹ̀rọ omi ìjọba, tí ìbá jẹ́ ti gbogbo wa, ti gbẹ ní ọ̀pọ̀ ìlú, kànga ẹ̀rọ inú ọgbà olówó sì ni àdúgbò ń gbójú lé. A kò ní kí ẹ má ta omi. Epo jẹnẹrétọ̀ wọ́n, a mọ̀. Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ yọ ẹnu ẹ̀rọ kan síta fún ẹni tí kò lówó lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ sì lẹ́nu ọ̀rọ̀ níwájú ọba àti ìjọba ìbílẹ̀, ẹ má ṣe dákẹ́ lórí àwọn tó ń ba odò jẹ́, kódà bí wọ́n bá ń dá owó fún mọ́sálásí.

A ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún ara wa, fún ẹ̀yin náà àti fún gbogbo Mùsùlùmí.