Ìsinmi Àgbà àti Ààyè Ọmọdé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, òun ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí fi hàn pé ìlú kì í dúró lórí ẹsẹ̀ kan. Síbẹ̀, kò sí àgbà tí kì í ní wákàtí tí yóò fẹ́ kí ilé dákẹ́ rọ́rọ́, kí ariwo ọmọdé lọ sí ìta, kí ara lè tù ú. Bí ìfẹ́ yìí bá mọ sí wákàtí kan lọ́sàn-án, kò sí ẹni tí yóò bá àgbà wí. Ṣùgbọ́n bí àgbà bá ya ilẹ̀ kan sọ́tọ̀, tí ó sì kéde pé ọmọdé kò gbọdọ̀ sùn níbẹ̀, ǹjẹ́ ohun tí ó tọ́ ni ó ṣe? Ìbéèrè yìí kì í ṣe àlọ́. Ó ń ṣẹlẹ̀ lónìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú àwọn pápá kéékèèké tí àwọn ènìyàn ń fa káráfáànì wọn lọ láti sinmi.

Káráfáànì ni ilé kékeré orí táyà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ń fà lẹ́yìn. Ibùsùn wà nínú rẹ̀, ààrò wà nínú rẹ̀, àga àti tábìlì sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Láti ìgbà pípẹ́ ni àwọn alárìnkiri ti ń gbé inú irú ilé bẹ́ẹ̀ nítorí iṣẹ́ àti àṣà wọn. Ní ọdún 1885, William Gordon Stables, ọmọ ilẹ̀ Scotland tí ó ti ṣe dókítà nínú ọkọ̀ ogun ojú omi, ní kí ilé-iṣẹ́ kan ní Bristol kan ọ̀kan fún òun. Ẹṣin méjì ni ó ń fà á, orúkọ tí ó sì sọ ọ́ ni The Wanderer. Kì í ṣe àìrílégbé ni ó mú un sùn nínú rẹ̀, fàájì ni. Ní ọdún 1907, àwọn tí irú ìrìn àjò yìí wù dá Caravan Club sílẹ̀. Ẹgbẹ́ náà wà títí di òní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó yí orúkọ padà sí Caravan and Motorhome Club ní ọdún 2017.

Nígbà tí káráfáànì di púpọ̀, wọ́n ṣe òfin kan ní ọdún 1960 pé ẹni tí ó bá fẹ́ gbà wọ́n sí orí ilẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n òfin náà fi àyè sílẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ tí ìjọba fọwọ́ sí. Wọ́n lè fún àgbẹ̀ tàbí onílẹ̀ ní ìwé ẹ̀rí láti máa gba àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn, bí káráfáànì kò bá ti ju 5 lọ lẹ́ẹ̀kan náà, tí àlejò kò sì lò ju ọjọ́ 28 lọ. Láti inú àyè kékeré yìí ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún pápá ti jáde káàkiri ìgbèríko. Ohun tí àlejò ń bá níbẹ̀ kò pọ̀: ẹ̀rọ omi kan, ibi tí a ń da ẹ̀gbin ilé ìgbẹ́ sí, òpó kékeré tí a ti ń fa iná mànàmáná, koríko tí a gé mọ́lẹ̀, àti ọgbà igi tí ó yí gbogbo rẹ̀ ká. Kò sí ilé ijó, kò sí adágún ìlúwẹ̀ẹ́, kò sí ilé oúnjẹ.

Síbẹ̀, ibi tí kò ní nǹkan yìí ni àwọn kan ń padà sí lọ́dọọdún. Ohun tí ó wu ni ni í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Ẹni tí ó bá dé ibẹ̀ ní ìgbà kẹwàá kì í tún béèrè ọ̀nà. Ó mọ ibi tí ilẹ̀ ti da gẹ̀ẹ́rẹ́, ó sì mọ irú pákó tí yóò fi sí abẹ́ táyà kí ilé rẹ̀ lè dúró ṣánṣán. Ó mọ ìgbà tí àgùntàn máa ń bímọ. Onílẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀, ó sì lè fi ẹyin adìẹ sílẹ̀ dè é. Ìsinmi tí ó ń rà kì í ṣe ti ara nìkan. Ọkàn rẹ̀ pẹ̀lú ń sinmi lọ́wọ́ ṣíṣe àlejò. Nítorí náà, bí òfin pápá bá kan irú ẹni bẹ́ẹ̀, ó kàn án ju ẹni tí ń kọjá lọ.

Òfin tí ó fa àríyànjiyàn ni pé ní apá kan nínú àwọn pápá yìí, ẹni tí kò tíì di àgbà kò gbọdọ̀ wá. Ìjọba kò ka èyí sí ẹ̀ṣẹ̀. Òfin ìdọ́gba ọdún 2010 kò gbà kí oníṣòwò ṣàdédé fi ọjọ́ orí dí ènìyàn lọ́nà, apá yìí sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹwàá ọdún 2012. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti pé ọdún 18 ni ó ń dáàbò bò. Kò kan ọmọdé. Ohun tí òfin gbà láàyè àti ohun tí ó tọ́ kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà nígbà gbogbo. Ó yẹ kí a gbé ọ̀rọ̀ náà wò fún ara rẹ̀.

Àwọn tí ó fara mọ́ ọn ní àwíjàre. Èkínní, pápá náà kéré. Bí ọmọ mẹ́ta bá ń gbá bọ́ọ̀lù láàárín káráfáànì márùn-ún, gbogbo ẹni tí ó wà níbẹ̀ ni ó wà nínú eré náà, ó fẹ́, ó kọ̀. Èkejì, ibi tí a ti ń gba ọmọdé pọ̀. Àwọn ibùdó ńlá wà tí a ṣe nítorí wọn, tí ó ní ibi ìṣeré àti adágún. Ẹ̀kẹta, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kì í ṣe ìkórìíra. Olùkọ́ tí ó ti bá ogójì ọmọ wí láti àárọ̀ dé ọ̀sán kò kórìíra ọmọ bí ó bá fẹ́ ọ̀sẹ̀ kan láìgbọ́ ohùn wọn. Ẹni tí ọmọ kú mọ́ lọ́wọ́, tàbí tí ó wá ọmọ títí tí kò rí, lè ní ọgbẹ́ tí ẹ̀rín ọmọ ẹlòmíràn ń tún dá. Ta ni yóò sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kò ní ẹ̀tọ́ sí igun kan láyé?

Àwọn tí ó lòdì sí i náà kò sọ̀rọ̀ lásán. Wọ́n ní kò sí ẹni tí ó yan ọjọ́ orí rẹ̀. Wọ́n ní àgbà tí ń mu ọtí tí ń pariwo di òru ń ba ìsinmi jẹ́ ju ọmọ tí ń wo labalábá lọ, síbẹ̀ a gba ọ̀mùtí wọlé, a lé ọmọ. Wọ́n tún ní àgbà tí ó ti fẹ̀yìn tì ti ní ọ̀pọ̀ oṣù ọdún fún ara rẹ̀. Ní ilẹ̀ náà, òbí kò kàn lè yọ ọmọ kúrò nílé ẹ̀kọ́ nítorí fàájì. Ìgbà ìsinmi, pàápàá ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ni ọmọ ní àyè, ìgbà náà ni owó ibùdó sì ń gbéra. Bí ọmọ ìlú ńlá kò bá rí ìgbèríko ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan yìí, nígbà wo ni yóò rí i?

Òwe Yorùbá kan ràn wá lọ́wọ́ nínú ẹjọ́ yìí: bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, yóò bá àgbà jẹun. Òwe yìí kò sọ pé àwo àgbà kò sí. Ó wà, ó sì ní òfin tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwà ni òwe náà fi ṣe ìdíwọ̀n, kì í ṣe ọdún. Nítorí náà, onílẹ̀ tí ó fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ìbá kọ́kọ́ ṣe òfin lórí ariwo, kí ó sì mú àgbà àti ọmọdé sábẹ́ rẹ̀. Bí ó bá rí i pé òfin ìwà kò tó, nítorí pé ọmọ ọwọ́ kò lè ṣe kí ó má sunkún, ó lè ya pápá tirẹ̀ sọ́tọ̀ láìṣe ibi. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n kan wà. Pápá kan tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọdé láàárín ọ̀pọ̀ tí ó ṣí i sílẹ̀ kò ni ẹnikẹ́ni lára. Bí gbogbo pápá bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọdé di àlejò ní ilẹ̀ tí a bí i sí. Ohun tí kò burú lọ́wọ́ ẹnì kan lè di ìwà ìkà lọ́wọ́ gbogbo ayé, onílẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ máa wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ó tó so pátákó mọ́gi.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le jù. Ká ní obìnrin kan àti ọkọ rẹ̀ ti ń lọ sí irú pápá bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjìlá. Ọkọ kú. Lẹ́yìn èyí, ọmọ ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, bọ́ sí i lọ́wọ́ láti tọ́. Ibi kan ṣoṣo tí ọkàn rẹ̀ ti ń balẹ̀ ti di èèwọ̀ fún un, kì í ṣe nítorí pé ó ṣẹ̀, bí kò ṣe nítorí pé ó ń ṣe ojúṣe rẹ̀. Kí ni ó tọ́ kí onílẹ̀ ṣe? Bí ó bá yọ́ gbà á wọlé, ó da àwọn mẹ́rin yòókù tí ó ti ṣèlérí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ fún. Bí ó bá kàn ní òfin ni òfin, ó sọ ọdún méjìlá di owó tí a san tán. Ọ̀nà kẹta wà: kí ó ya ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì sọ́tọ̀ lọ́dún, kí ó kéde rẹ̀ ṣáájú pé ọmọdé yóò wà níbẹ̀, kí ẹni tí kò fẹ́ yan ọ̀sẹ̀ mìíràn. Báyìí, ìlérí kò yẹ̀, ojú àánú kò sì fọ́. Obìnrin náà ní iṣẹ́ tirẹ̀: kò gbọdọ̀ fi ojúlùmọ̀ ṣe ọ̀kọ̀, kò sì gbọdọ̀ fi ọmọ pamọ́ sínú káráfáànì wọlé. Wíwá léraléra ń sọ àlejò di ọ̀rẹ́. Kì í sọ ọ́ di onílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ ní ẹ̀tọ́ kan tí ẹni tí ń kọjá lọ kò ní, èyíinì ni pé kí a rò ó wò kí a tó dá a lóhùn.

Nítorí náà, ìsinmi àgbà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ni kí àgbà gbàgbé pé òun ti ṣe ọmọdé rí, kí ó sì ka ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí ó yá lò sí ogún tí ó jẹ. Àjò kì í dùn kí onílé má rele. Ilé tí àgbà ń padà sí lẹ́yìn ọjọ́ 28, ọmọdé wà ní àdúgbò rẹ̀. Bí ara bá ti tù ú ní pápá tí ó sì padà dé pẹ̀lú sùúrù púpọ̀ sí i fún wọn, ìsinmi rẹ̀ jẹ́ èrè fún ọmọdé pẹ̀lú. Bí ó bá padà dé tí kò tún lè gba ariwo wọn mọ́ra rárá, kò sí pápá kan, bí ó ti wù kí ó dákẹ́ tó, tí ó lè fún un ní ìsinmi.