Òfin Gbà Á, Ṣé Ó Tọ́?

Ẹni tó bá ti pẹ́ díẹ̀ ní Mile One, ní Diobu yìí, á ti gbọ́ kí àgbàlagbà kan nàka sí ilé kan kó ní, "Abandoned property nìyẹn." Orúkọ tí òfin sọ ọ́ ni.

Nígbà tí ọmọ ogun Ìjọba Àpapọ̀ gba Port Harcourt ní oṣù Karùn-ún 1968, ọ̀pọ̀ Ígbò tó ní ilé níhìn-ín ti sá àsálà. Ní 1969, ìjọba Ìpínlẹ̀ Rivers ṣòfin pé dúkìá tí wọ́n pa tì ni, ó sì gbà á sábẹ́ àbójútó ara rẹ̀. Ogun parí ní oṣù Kìn-ín-ní 1970, àwọn onílé padà dé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn kò rí ilé gbà. Wọ́n ta púpọ̀ nínú rẹ̀. Ní 1979, ìjọba ológun ṣe òfin mìíràn láti fi ti títà náà lẹ́yìn.

Ẹni tó sá fún ìbọn, ṣé ó pa ilé rẹ̀ tì ni?

Ní 1958, H. L. A. Hart ti Oxford àti Lon Fuller ti Harvard jiyàn lórí irú èyí, nítorí òfin àwọn Nazi ní Jámánì. Hart ní òfin burúkú ṣì jẹ́ òfin, bó tilẹ̀ burú débi pé kò yẹ kéèyàn tẹ̀ lé e. Fuller ní bí òfin bá bàjẹ́ kọjá ààlà, kì í ṣe òfin mọ́. Àwa onígbàgbọ́ sábà máa ń tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ Fuller, nítorí Augustine ti sọ ohun tó jọ ọ́ tipẹ́. Hart ni èmi bá lọ. Bí a bá ń wí pé èyí tó burú kì í ṣe òfin, kò ní pẹ́ tí ẹni tó ní ìwé lọ́wọ́ á fi sọ pé èyí tó jẹ́ òfin kò lè burú.

Ẹ ka ọ̀rọ̀ Nábótì nínú Àwọn Ọba Kìn-ín-ní orí 21. Jésébẹ́lì kò rán jàǹdùkú. Ó kọ lẹ́tà, ó fi èdìdì ọba sí i, àwọn àgbààgbà jókòó, ẹlẹ́rìí méjì dìde bí òfin Mósè ṣe fẹ́. Irọ́ ni ẹ̀rí wọn, ṣùgbọ́n ìwé pé. Áhábù fúnra rẹ̀ kò kọ nǹkan kan. Ó kàn lọ gba ilẹ̀ ni. Òun náà sì ni Èlíjà lọ bá nínú ọgbà àjàrà, kò sì bèèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn ará Rivers ń sọ, pé àwọn dà bí àlejò nílẹ̀ baba àwọn kí ogun tó dé. Ẹ̀dùn yẹn kì í ṣe irọ́. Àmọ́ kò sọ ilé ẹni tó sá lọ di ohun tí kò ní olóhun. Ní Èkó, ọ̀pọ̀ Ígbò padà bá ilé wọn, àwọn mìíràn tún bá owó ilé tí wọ́n bá wọn kó pamọ́. (Kí àwa Yorùbá má fi yangàn jù o, ẹ̀rù tó ba àwọn ará ibí kò bà wá.)

Ẹni tó ra irú ilé bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ogójì ọdún, tí kò mọ ìtàn rẹ̀, n kò lè pè é ní Áhábù. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ òfin, ẹ̀yin lẹ máa bá èèyàn yẹ ìwé ilé wò lọ́la. Lẹ́yìn tí ẹ bá rí i pé ìwé pé, ẹ tún bèèrè ẹni tó ń gbowó ilé náà ní 1967.